Ẹ ka ọjọ́ yín kí ẹ tó ṣèlérí: bí a ṣe ń ṣètò oṣù sínú ìwé

Nígbà tí Iléyá ọdún 2024 ku ọjọ́ méjì, aṣọ mẹ́rìnlá ló ṣì wà lórí tábìlì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde tí n kò tíì fi àlùmọ́gàjí kàn. Àwọn tó ni wọ́n ti san àsansílẹ̀, wọ́n ti ra gèlè tó bá a mu, Ojúde Ọba ni wọ́n ń retí. June 16 ni Iléyá bọ́ sí lọ́dún yẹn, Ojúde Ọba sì tẹ̀ lé e ní June 18, nítorí ọjọ́ kẹta Iléyá la máa ń ṣe é níwájú ààfin Awùjalẹ̀. Ìyá àgbà kan tí òun àti régbérégbé rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí rẹ̀, fẹ́ jáde wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi láti aago mẹ́ta ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ọwọ́ mi ló ń wò. Mo parí tirẹ̀ lóru, àmọ́ mẹ́fà nínú mẹ́rìnlá náà kò bá ọdún.

Ó dùn mí gan-an, nítorí n kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Nígbà tí mo jókòó rò ó, mo rí i pé orí ni mo fi ń ka ọjọ́. Bí oníbàárà bá wọlé ní ọjọ́ kẹta oṣù tó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ lè bá mi parí rẹ̀ kí oṣù tó tán?", ṣe ni oṣù máa ń tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú mi bí pápá, màá sì dá a lóhùn pé kó lọ fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi rúlà fa oṣù sórí ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́ ni mo mọ̀ pé nínú ọjọ́ 31, èyí tí mo lè fi jókòó ti máṣìnnì kò ju 20 lọ.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín nìyẹn. Aránṣọ ni mí, àpẹẹrẹ aṣọ ni mo sì máa ń bá lọ, ṣùgbọ́n olùkọ́, alásè, oníṣòwò gàrí, bàbá tó ń san owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ló lè fi ìdíwọ̀n ara wọn gé e.

Ìwé àti ohun èlò

Ẹ má náwó púpọ̀. Ìwé ọmọ ilé ìwé, 60 leaves, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nísinsìnyí, ìwé ńlá tí wọ́n ń pè ní Higher Education ni mo ń lò, nítorí ojú ewé rẹ̀ fẹ̀, oṣù kan sì gba ojú ewé méjì tó kọjú síra wọn. Ẹ wá báírò dúdú kan, pupa kan, rúlà kan àti pẹ́ńsù kan. Pẹ́ńsù ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn, ìdí rẹ̀ ń bọ̀ níwájú. Èmi rán ẹ̀rẹ́ àǹkárá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀yìn ìwé mi, òun ni mo fi ń ṣàmì sí oṣù tí mo wà.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi béèrè ìdí tí n kò fi lo fóònù. Fóònù ń kú nígbà tí kò bá sí iná, èyí tó wọ́pọ̀ ládùúgbò wa. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí mo bá mú fóònù láti kọ ọjọ́ kan sílẹ̀, màá rí i pé ẹni márùn-ún ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, nígbà tí mo bá sì dá gbogbo wọn lóhùn tán, ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ ti fò lọ lọ́kàn mi. Ìwé kì í pe ẹnikẹ́ni kúrò nídìí ohun tó ń ṣe. Ó tún wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì, gbogbo ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ló lè kà á, ọmọ iṣẹ́ kò sì ní gba aṣọ tuntun lẹ́yìn mi láìwò ó.

Fífa oṣù

Ẹ ṣí ojú ewé méjì tó kọjú síra. Ti ọwọ́ òsì jẹ́ ti ọjọ́. Ti ọwọ́ ọ̀tún jẹ́ ti iṣẹ́ àti owó.

Bí ẹ kò bá rántí oṣù tó ní ọjọ́ 30 àti èyí tó ní 31, ẹ di ọwọ́ òsì yín ní ìkúùkù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkèé ìka tó tẹ̀ lé àtàǹpàkò: January wà lórí oríkèé, February wà nínú kòtò àárín, March lórí oríkèé, April nínú kòtò, bẹ́ẹ̀ títí July á fi bọ́ sórí oríkèé ìka tó kéré jù. Ẹ padà sórí oríkèé àkọ́kọ́ fún August. Èyí tó bá bọ́ sórí oríkèé ní ọjọ́ 31. Èyí tó bá bọ́ sínú kòtò kò tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n fa àpótí méje-méje bíi ti kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri. Ó dára. Èmi yan títò ọjọ́ wálẹ̀ láti 1 dé 31 létí ojú ewé, ìlà kan fún ọjọ́ kan, nítorí ààyè ìlà gùn ju àpótí lọ. Inú ọ̀nà tí Ryder Carroll gbé jáde ni mo ti rí i. Ará Amẹ́ríkà ni, iṣẹ́ àwọn ohun orí kọ̀ǹpútà ló ti ṣe ní New York, láti kékeré sì ni kò ti rọrùn fún un láti pa ọkàn pọ̀ sójú kan. Ó ṣe ọ̀nà ìkọ̀wé kan fún ara rẹ̀, ó pè é ní Bullet Journal, ó sì fi han aráyé lọ́dún 2013. Kò fi dandan lé òdòdó yíyà tàbí àwọ̀ mèremère tí àwọn èèyàn ń fi sórí Instagram. Ìlà, àmì kéékèèké, àti wíwo ìwé déédéé ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ kọ orúkọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà níbí tó dà mí láàmú lóṣù àkọ́kọ́. Àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ máa ń fi lẹ́tà kan dúró fún ọjọ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, mo sì ṣi ọjọ́ mú, nítorí A ló bẹ̀rẹ̀ Àìkú, Ajé àti Àbámẹ́ta, Ọ ló sì bẹ̀rẹ̀ Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀. Ohun tí mo ń kọ báyìí ni Kú, Jé, Ìṣ, Rú, Bọ̀, Ẹt, Àb. Mo máa ń fi báírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo Kú, kí ojú lè rí ibi tí ọ̀sẹ̀ ti parí.

Ọjọ́ tí kò ṣeé sún ló ń kọ́kọ́ wọlé

Kí ẹ tó kọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ kọ gbogbo ọjọ́ tí ẹlòmíràn ti dá fún yín tí ẹ kò lè yí padà: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìpàdé ẹgbẹ́, ọjọ́ tí ilé ìwé wọlé, ọjọ́ owó ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ ìdánwò ọmọ. Ẹ pe àwọn ará ilé jókòó nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Èmi ń ṣe é lálẹ́ Àìkú lẹ́yìn tí a bá jẹ ìkọ́kọrẹ́ tán, nítorí ọkọ mi àti àwọn ọmọ ló mọ ìdajì nínú ọjọ́ wọ̀nyí. Ọmọ á rántí pé òun ní eré ìdárayá nílé ìwé, bàbá rẹ̀ á rántí pé ẹ̀gbọ́n òun ní Ìjẹ̀bú-Igbó ń ṣe ọjọ́ ìbí. Ọjọ́ tí ẹ kò béèrè nípa rẹ̀ ni yóò já lu iṣẹ́ yín.

Ibi tí pẹ́ńsù ti wúlò nìyí. Ọdún àwa ará Ìjẹ̀bú ní àwọn ọjọ́ tó ń rìn. Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 10 tàbí 11 ṣíwájú lọ́dọọdún, nítorí òṣùpá ni wọ́n fi ń kà á: June 16 ní 2024, June 6 ní 2025. Ojúde Ọba tẹ̀ lé e, ní June 8 lọ́dún 2025. Títí Sultan Sókótó yóò fi kéde pé wọ́n ti rí oṣù, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́. Lẹ́yìn ìkéde ni kí ẹ tó fi báírò tẹ̀ ẹ́. Agẹmọ náà wà níbẹ̀, òun tí orúkọ oṣù July wá láti ara rẹ̀ lẹ́nu Yorùbá. Ní àkókò tí àwọn Alágẹmọ mẹ́rìndínlógún bá ń rìn, obìnrin kì í rí wọn lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá jẹ́ obìnrin bíi tèmi tí ẹ sì ní aṣọ láti gbé lọ fún oníbàárà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ náà ṣáájú.

Ẹni tó ń bá ọjà oko lò ní ọjọ́ mìíràn láti kọ. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún kì í bá ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje rìn. Bí wọ́n bá ná an lónìí tí ó jẹ́ Ajé, ó tún di Ẹtì, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kí ó tó padà sí Ajé ní géérégé ọjọ́ 28. Ẹ kàn mọ ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ná an, kí ẹ máa fi mẹ́rin-mẹ́rin kún nọ́ńbà ọjọ́ náà, kí ẹ sì yí òòkà kékeré sí etí ìlà kọ̀ọ̀kan: 2, 6, 10, 14, 18, 22, 26, 30. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe gàrí ló kọ́ mi. Láti ọjọ́ ọjà ni ó ti ń kà padà sẹ́yìn, nítorí ẹ̀gẹ́ tí a lọ̀ lónìí kò lè di gàrí Ìjẹ̀bú lọ́la. Ó ní iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fi kan kó tó ní ìtọ́wò tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ rà á. Ní tèmi, ọjọ́ ọjà ni ọjọ́ tí n kì í pe àwọn oníbàárà ọlọ́jà wá wọn aṣọ wò. Wọn kò ní wá, èmi á sì ti fi ààyè ṣòfò.

Ìṣirò tó ṣe kókó

Tí ẹ bá máa fo gbogbo nǹkan tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo eléyìí.

Ẹ jẹ́ kí n fi oṣù May 2025 tèmi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni oṣù tó gbé iṣẹ́ Ojúde Ọba ti June 8. Mo kọ 31 sí orí ojú ewé ọ̀tún. Mo yọ Àìkú mẹ́rin kúrò, ìyẹn ọjọ́ 4, 11, 18 àti 25, ó ku 27. Mo ní ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní Àbámẹ́ta 10 àti ìgbéyàwó ní Ṣàgámù ní Àbámẹ́ta 24. Ẹni tó bá mọ òde Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ mọ̀ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ pé èèyàn á yọjú fún wákàtí kan kó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ méjì ti lọ, ó ku 25. Ní Ìṣẹ́gun 6, mo lọ ra léèsì àti líníìnì ní ọjà Balógun ní Èkó, gbogbo ọjọ́ náà ló sì gbà, ó ku 24. Ẹgbẹ́ aránṣọ wa ṣèpàdé ní àárọ̀ Ajé 12 àti Ajé 26. Ààbọ̀ ọjọ́ lọ́nà méjì jẹ́ ọjọ́ kan, ó ku 23.

Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń dúró. Ẹ má dúró. Ẹ tún yọ ọjọ́ mẹ́ta fún ohun tí ẹ kò rí tẹ́lẹ̀: ibà, bẹ́líìtì máṣìnnì tó já, iná tí kò wá látàárọ̀ dalẹ́, àlejò tó dé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò dé, nítorí náà ẹ má kọ wọ́n sí ìlà ọjọ́ kankan. Ẹ fa àpótí kékeré mẹ́ta sí orí ojú ewé ọ̀tún, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kun ọ̀kan. Ní May yẹn, mo ti kun méjì nígbà tó fi di ọjọ́ 13. Ojú ara mi ni mo fi rí i pé ọ̀kan péré ló kù, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n tètè gbé máṣìnnì kejì lọ fún àtúnṣe kí ó tó daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá.

Ó ku 20. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi méjì lè parí aṣọ mẹ́ta lóòjọ́ bí kò bá sí iṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀ lára rẹ̀. Mẹ́ta lọ́nà ogún jẹ́ 60. Mo kọ 60 gàgàrà sí etí ìwé, mo sì fi báírò pupa yí òòkà sí i. Aṣọ 83 ni mo ti gbà nínú oṣù tó ṣáájú Ojúde Ọba 2024. Ẹ wá rí ibi tí ìtìjú ọjọ́ yẹn ti wá.

Iye tiyín yóò yàtọ̀. Olùkọ́ lè fẹ́ mọ ìwé ìdánwò mélòó ni òun lè máàkì lálẹ́ kan. Alásè lè fẹ́ mọ iye òde tí òun lè sè fún lóṣù kan. Bí ẹ kò bá mọ iye tí ọwọ́ yín lè parí lóòjọ́, ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ ohun tí ẹ parí lójoojúmọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá wo èyí tó wọ́pọ̀. Ẹ má ṣe mú ọjọ́ tí ọwọ́ yín yá jù. Èmi mọ ọjọ́ kan tí a parí aṣọ méje, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà kò tún padà wá.

Ní May 14, nígbà tí iye aṣọ pé 60, ọmọ àbúrò bàbá mi wọlé pẹ̀lú léèsì lọ́wọ́. Mo ṣí ìwé, mo ní kó jọ̀ọ́, kó kà á pẹ̀lú mi. Mo sọ fún un pé lẹ́yìn June 8 ni mo lè gbà á. Inú bí i, ó sì gbé aṣọ rẹ̀ lọ. Ní July, ó tún gbé òmíràn wá, ó ní ibi tí òun gbé ti àkọ́kọ́ lọ, wọn kò fún òun ní aṣọ náà lọ́jọ́ ọdún. Kíkọ̀ iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ fún wa lówó kò rọrùn, pàápàá bó bá jẹ́ ẹbí. Àmọ́ ẹni tí a fi ìwé hàn máa ń gbà ju ẹni tí a kàn fi ẹnu dá lóhùn lọ.

Kíkọ iṣẹ́

Ìlà kan fún iṣẹ́ kan lójú ewé ọ̀tún: orúkọ, ohun tí a fẹ́ rán, owó tó kù, àti ọjọ́ méjì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni èyí tí oníbàárà gbọ́. Ọjọ́ kejì ni èyí tí abẹ́rẹ́ mi gbọ́dọ̀ dúró, ó sì máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ti oníbàárà. Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni mo fi ń tún ọrùn tó fẹ̀ jù ṣe, tí mo sì fi ń lọ aṣọ. Ní 2025, mo fi May 31 ṣe òpin fún gbogbo aṣọ Ojúde Ọba, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ June sì di ti àtúnṣe nìkan.

Iṣẹ́ ńlá kò gbọ́dọ̀ wọ ìwé ní odindi. Bí mo bá kọ "agbádá Bàbá Ìdòwá" sí ọjọ́ kan, agbádá náà á jókòó síbẹ̀ á máa wò mí. Gígé ní ọjọ́ kan, rírán ní ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ọrùn ní ọjọ́ kẹta, ìṣẹ́tí àti bọ́tìnnì ní ọjọ́ kẹrin. Nígbà tí mo pín in báyìí ni mo rí i pé ìṣẹ́tí àti bọ́tìnnì ni aṣọ tó pọ̀ jù ti ń há sí nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Mo wá fún ọmọ iṣẹ́ kan ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ gbogbo fún ìyẹn nìkan.

Owó

Káàdì alájọ ni ìwé ètò oṣù tí àwọn ìyá wa kọ́kọ́ mú dání. Àpótí 31 wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ tó sì kún gbogbo àpótí dá ₦31,000, yóò gba ₦30,000, alájọ yóò sì mú ti ọjọ́ kan fún wàhálà rẹ̀. Mo máa ń fi káàdì náà sáàárín ojú ewé oṣù, mo sì máa ń fi àmì kékeré sí ìlà ọjọ́ tí mo bá dá a. Bí àmì bá fò lọ́jọ́ mẹ́ta léraléra, mo mọ̀ pé owó kò wọlé, màá sì tètè wádìí ìdí rẹ̀ kí oṣù tó jìnnà.

Nǹkan méjì péré ni mo tún ń kọ nípa owó. Àkọ́kọ́, àsansílẹ̀ oníbàárà: báírò pupa ni mo fi ń kọ ọ́, n kì í sì kà á mọ́ owó mi títí n ó fi gé aṣọ náà. Mo ti ná àsansílẹ̀ rí, mo sì mọ bó ṣe rí nígbà tí kò sí owó láti ra líníìnì aṣọ tí wọ́n ti san owó rẹ̀. Èkejì, iye tí òde kọ̀ọ̀kan máa gbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó, ẹ kọ owó aṣọ ẹbí, owó ọkọ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́ fi sí ọwọ́ olóde. Ẹ ro ó pọ̀ kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rò ó, ìnáwó méjì nínú oṣù kan ju owó ilé ìwé ọmọ mi àbíkẹ́yìn lọ. N kò pa òde tì, nítorí ẹni tó bá lọ sí ti èèyàn ni èèyàn ń wá sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ń mú èyí tí màá ra aṣọ ẹbí rẹ̀, mo sì ń lọ sí èyí tó kù pẹ̀lú aṣọ tí mo ní.

Àmì

Ìjẹ̀bú mọ àmì tipẹ́. Àwọn baba wa ń so owó ẹyọ mọ́ okùn láti fi pa àrokò ránṣẹ́: owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí ẹfà. Ẹni tó gbà á mọ ohun tí wọ́n wí láìsí lẹ́tà kan. Bí àmì inú ìwé oṣù ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn: kó kéré, kó yé ẹni tó ni ín.

Carroll ń fi àmì kékeré kan bíi ti ìdánudúró dúró fún iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá parí, á fa X lé e. Bí ó bá sún un síwájú, á sọ ọ́ di >. Òòkà kékeré dúró fún ọjọ́ òde tàbí ìpàdé. Àwọn mẹ́rin yìí tó fún ọdún kan. Èmi fi ẹyọ kan kún un, ìlà wálẹ̀ méjì báyìí ||, fún aṣọ tí ó ti tán ṣùgbọ́n tí ẹni tó ni ín kò tíì wá gbà. Láìsí i, màá máa ka aṣọ tó ti tán mọ́ iṣẹ́ tó kù, ọkàn mi ò sì ní balẹ̀.

Wíwò ó

Láàárọ̀, kí ẹ tó ṣí máṣìnnì tàbí kí ẹ tó jáde nílé, ẹ wo ìlà òní àti ti ọ̀la. Ìṣẹ́jú méjì tó. Lálẹ́ Àìkú, ẹ wo ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ẹ ka iye ọjọ́ iṣẹ́ tó kù wé iye iṣẹ́ tó kù. Bí iṣẹ́ bá ti ju ọjọ́ lọ, alẹ́ Àìkú yẹn gan-an ni kí ẹ pe oníbàárà. Ẹni tí a pè nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá ṣì lè rí nǹkan ṣe sí i. Ẹni tó débẹ̀ lọ́jọ́ ọdún kò rí nǹkan kan ṣe mọ́.

Bí ẹ bá gbàgbé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má fa ojú ewé náà ya, ẹ má sì wá bí ẹ ó ṣe kún àwọn ìlà tó ti kọjá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà òní. Ní oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀, ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ọjọ́ mọ́kànlá sì wà lófìfo nínú ìwé mi. Mo fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ṣí ibẹ̀ lónìí, mo mọ ibi tí mo wà lọ́jọ́ wọ̀nyẹn.

Nígbà tí oṣù bá ń parí

Ní ọjọ́ 28, ẹ fa oṣù tuntun. Ẹ ka gbogbo iṣẹ́ tí kò ní X, kí ẹ sì fi ọwọ́ yín tún un kọ sínú oṣù tuntun. Àtúnkọ yẹn máa ń gba àkókò, ó sì yẹ kó gbà á, nítorí ọwọ́ á rẹ yín láti tún ohun tí kò ṣe pàtàkì kọ. Ohun tí ẹ bá ti tún kọ lẹ́ẹ̀mẹta láìṣe, ẹ pinnu: ẹ fa ìlà pa á, tàbí kí ẹ fún un ní ọjọ́ àti aago.

"Kọ́ ọmọ mi ní gígé bùbá" wà nínú ìwé mi ní January, ó wà ní February, ó wà ní March àti April. Kò sí oníbàárà tó ń pè mí lé e lórí, nítorí náà ó máa ń fún gbogbo aṣọ yòókù láyè. Nígbà tí mo ń fa oṣù May, mo kọ ọ́ sí Àbámẹ́ta 17, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, báírò pupa, mo sì kà á mọ́ ọjọ́ tí kò ṣeé sún bí ìsìnkú àti ìgbéyàwó. Ọwọ́ ọ̀tún bùbá àkọ́kọ́ tó gé kúrú ju ti òsì lọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ilé kéwú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má sọ ìwé tó bá kún nù. Tèmi wà nínú àpótí àwọn bébà tí mo fi ń gé aṣọ. Nínú èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, mo kọ nǹkan mẹ́ta tí mo ń wá bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé: ọjọ́ tí oníbàárà àkọ́kọ́ gbé aṣọ Ojúde Ọba wọlé lọ́dún tó kọjá, iye yáàdì líníìnì tí mo lò, àti ọjọ́ tí iye aṣọ tí mo lè rán pé.